Ta Ló Ń Yan Bí Àwòrán Ṣe Máa Mọ́ Tó Fún Wa?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ìrolù-Rẹ́mọ

 

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó múlé gbè wá níhìn-ín, ni olórí ìjọba náà. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n ń tàn sí gbogbo ilé. Bí eríàlì rẹ bá dára, wàá rí i kedere. Bí kò bá dára, bàìbàì ni wàá máa wò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí owó tó ń san ń pọ̀ sí i nítorí pé àwòrán tirẹ̀ mọ́. Lóde òní, bí àwòrán bá ṣe mọ́ tó ni owó ṣe ń lọ tó, ẹ̀rọ ló sì ń bá wa pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Tí ẹnì kan bá gbé fíìmù sórí YouTube tàbí Netflix, ẹ̀dà púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù lórí YouTube ní ìlà àwòrán 144. Òmíràn ní 360, òmíràn 720, títí dé 1080 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wá pín ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ìpín kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Bí fóònù rẹ bá ti gba ìpín kan, yóò wo bó ṣe yára dé sí, yóò sì wo iye tó ti kó pamọ́ tí o kò tíì wò. Tó bá yára, á béèrè ẹ̀dà tó tóbi jù. Tó bá falẹ̀, á béèrè kékeré. Ìdí nìyẹn tí ojú òṣèré fi máa ń dà bí ẹni tó wọ inú kùrukùru lójijì, tí á sì tún hàn padà. Apple gbé irú ètò yìí jáde ní 2009. Ní 2012, àjọ ISO tẹ ìlànà MPEG-DASH jáde kí gbogbo ayé lè máa lò ó. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Láìsí i, fíìmù Aníkúlápó tí Kunle Afolayan gbé sórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án 2022 ì bá máa dúró sójú kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa.

Àmọ́ ìyára ni ẹ̀rọ yìí ń wọ̀n. Kò mọ iye tí o ra dátà. Nígbà tí ìlú bá ti sùn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já geere, ẹ̀dà ńlá ni ó lè máa fà, ì báà jẹ́ orí fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, níbi tí ojú kò ti fẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ 480 sí 1080. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé lórí dátà fóònù, GB 1 lè gbé nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà tí o bá yan Save Data, wákàtí mẹ́rin tó bá wà lórí Automatic, àti 20 ìṣẹ́jú péré, ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀, tó bá wà lórí Maximum Data.

Ẹ rí i pé Netflix fi ìjánu sí Automatic orí fóònù. Hotspot ló máa ń gba ìjánu náà kúrò. Bàbá á tan hotspot fóònù rẹ̀, á so tẹlifíṣọ̀n pàlọ́ mọ́ ọn kí gbogbo ilé lè jọ wo fíìmù. Wi-Fi ni tẹlifíṣọ̀n rí. Kò mọ̀ pé dátà fóònù ló wà nídìí rẹ̀. Áàpù á ṣe bí ẹni pé dátà kò lè tán, àwòrán tó mọ́ rekete á sì lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan. Kí fíìmù tó parí, dátà ti tán. Láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní kékeré. Bákan náà ni fún ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀n tó ń lo Plex láti fi fídíò ìnáwó ìdílé hàn wá láti orí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ lè dín ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń fi ránṣẹ́ sílé kù. Kí ó bá wa dín in kù.

Èyí tó ká mi lára jù, èmi tí mo ń kọ́ni ní Yorùbá, ni ti ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú àwòrán. Tí Auto, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yan ẹ̀dà fún wa, bá já wálẹ̀ sí 144, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló kọ́kọ́ ń parẹ́, àmì ohùn á sì tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń fi fóònù kọ́ èdè á máa wo Yorùbá tí kò lámì, á rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohùn ní tirẹ̀ kì í gba àyè púpọ̀, nítorí náà ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn, ìwàásù tàbí ewì lè wà lórí 144 láìpàdánù ohun kan. Ibi tí ìwé kíkà bá wà, ẹ gbé e sókè sí 480. Kí ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù náà má sì kàn lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán. Ẹ fi fáìlì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Fóònù ni yóò kọ ọ́ jáde fúnra rẹ̀, àwòrán ì báà ṣe bàìbàì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ṣètò Auto ni yóò máa wà títí. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà, àwọn aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ Netflix àti YouTube pé kí wọ́n dín ìwọ̀n fídíò kù kí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa dí. Wọ́n gbà, Netflix sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín ẹrù tó ń gbé gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kù.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà níjókòó, tí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ gba fóònù àwọn òbí yín, ẹ wọ Settings inú YouTube, kí ẹ fi ti dátà fóònù sí Data saver. Bí ẹ bá fẹ́ lo hotspot fún tẹlifíṣọ̀n, ẹ fọwọ́ ara yín yan 480. Mo sì ń bẹ àjọ NCC pé kí wọ́n bá àwọn ilé-iṣẹ́ fídíò wọ̀nyí sọ ọ́, bí Yúróòpù ṣe bá wọn sọ ọ́, kí áàpù kọ̀ọ̀kan máa béèrè lọ́wọ́ ará Nàìjíríà, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣí i, iye dátà tó fẹ́ kí wákàtí kan jẹ.