Ta Ni Ó Bá Aláìsàn Wá?

Ẹ fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkàrẹ́ Àkókó. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta. Bí ó bá ti ṣí ìwé, á dà bí ẹni pé iná ń jó o ní àtàrí, tàbí pé kòkòrò ń rìn nínú agbárí rẹ̀. Ojú rẹ̀ á ṣú, ohun tí ó kà kò sì ní dúró. Baba rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ ayé ni, ó sì ti ń múra láti mú un gun Òkè Maria ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà. Olùkọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ náà kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ mọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni ó ti jókòó ti ọmọ yìí kí ó sì bi í pé, “Kí ni ojú rẹ ń rí?”

Ìbéèrè kékeré yẹn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́jú ọkàn. Ọ̀nà méjì ni irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín sí. Àwọn kan jẹ́ dókítà tí ó kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Wọ́n lè fúnni lóògùn, wọ́n sì lè dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn. Àwọn kejì kọ́ ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì, èyí tí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ sísọ, etí gbígbọ́ àti àyẹ̀wò ìwà ni irinṣẹ́ tiwọn, yálà ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ní ọ́fíìsì aládàáni. Dókítà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì ni ó rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára rẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Lambo sí ní ọdún 1923. Baptist Boys' High School tí ó wà ní ìlú náà ni ó lọ, kí ó tó kọjá sí Yunifásítì Birmingham ní Ìlú Ọba, níbi tí ó ti gboyè dókítà ní 1948. Ó padà wá ṣiṣẹ́ nílé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín ẹbí àti ará ìlú ni ó lọ kọ́ ìmọ̀ Òyìnbó. Kò sì gbàgbé ilé nígbà tí ó dé.

Ohun tí ó bá nílé kò dára tó. Láti 1907 ni ìjọba ti ní ilé wèrè ní Yábàá. Ìhámọ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni wọ́n sọ di ibi ìtọ́jú ní 1944, nítorí àwọn sójà tí ogun àgbáyé kejì dà lọ́kàn rú. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ aláìsàn.

Ní 1954 ni Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Dípò kí ó máa retí ìgbà tí ibùsùn yóò tó gbogbo ènìyàn, ó tọ àwọn àgbà abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká lọ, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé. Àdéhùn kan ni ó fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni tí yóò bá gba ìtọ́jú lọ́nà yìí, ó kéré tán ẹbí rẹ̀ kan ní láti bá a wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, òun ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí kò bá sí lọ́dọ̀ dókítà, aláìsàn ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, ó ń bá wọn ṣeré, ó ń bá wọn ṣọdún. Ará abúlé ń gba owó ilé. Aláìsàn kò sì di àjèjì sí ọmọ aráyé.

Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú mọ́ra. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù àti ìtumọ̀ tí ó fún àlá rẹ̀. Dókítà mọ oògùn. Nígbà tí òun àti Alexander Leighton, ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe ìwádìí ńlá kan tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wọ́n rí i pé àwọn oníṣègùn wa kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì. Síbẹ̀, ẹkún, àìrí oorun sùn àti àìlè jẹun kò ṣàjèjì sí wọn. Ẹni tí ó bá ń dúró de orúkọ àìsàn nìkan kò ní gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ.

Nípa ti akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìkàrẹ́, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Àró, ti kọ̀wé ní 1960 nípa irú rẹ̀ gan-an: orí gbígbóná, ojú ṣíṣú, ìwé tí kò wọlé. Ó wòye pé ẹrù gbogbo ẹbí tí ó wà lórí ọmọ kan ṣoṣo tí ó ń kàwé wà lára ohun tí ó ń fà á. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morakinyo ti Yunifásítì Ifẹ̀ fi kún un pé ìlàkàkà àṣejù, àìsùn àti àwọn ohun amóríyá tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lé oorun lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì ṣe igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní 2004. Àjọ yìí ṣe ìwádìí kan nípa àìsàn ọpọlọ líle ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì wà lára ibùdó wọn. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1979 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn aláìsàn Ìbàdàn yá ju ti ọ̀pọ̀ ìlú Òyìnbó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ẹbí mọ́ ọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Àkókó. Àárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni Àkùngbá wà, níbi tí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń dá gbé yàrá níbẹ̀, tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn jìnnà sí wọn. Àwọn ẹbí tí ó wà nítòsí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fi ọjà tàbí iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan bí ti ayé Lambo. Ta ni yóò bá aláìsàn wá nígbà náà?

Olùkọ́ lè ṣe é, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ oníṣègùn. Kí ó pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú agbo. Ní Àkókó, níbi tí èdè ti ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, kí ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ ní èdè ilé rẹ̀. Kí ó béèrè nípa oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ohun tí ilé ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ìyá máa gbàdúrà rẹ̀. Àdúrà kò ní kí a má lo oògùn. Kò sì sí ìdí fún ẹ̀wọ̀n tàbí pàṣán. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Nàìjíríà pa òfin wèrè àtijọ́ tì, tí ó gba òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn ṣì jókòó ti ìwé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì tẹ́tí sí i láìkánjú, ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.