Irinṣẹ́ Àwọn Bàbá Wa Kì í Ṣe Kóńdẹ́mù

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Ìpájà

  Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ìdíje bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ ayùn, òòlù, pílénì àti sípánà ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní JSS 3, àwọn ọmọ oníkóńdẹ́mù ti ọmọlanke wọn dé àdúgbò wa, wọ́n ń kígbe "Irin dà? Bátìrì dà?" bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ, mo wọ́ àpótí irinṣẹ́ bàbá àgbà jáde. Káfíńtà ni bàbá àgbà nígbà ayé wọn. Ilé tí wọ́n kan òrùlé rẹ̀ ní Ìpájà yìí kò kéré. Wọ́n gbé àpótí náà sórí ìwọ̀n, wọ́n fún mi ní ₦700. Mo fi ra dátà, mo fi èyí tó kù jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Ọdún kejì ni àbúrò bàbá mi, tí àwọn náà ń ṣe káfíńtà, wá mú pílénì kan nínú àpótí yẹn. Wọ́n wá abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n wá ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá gbogbo ibi tó yẹ kí wọ́n wá. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, wọn ò nà mí o. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní, "Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ lo tà yẹn." Ká ní wọ́n nà mí ni, mi ò bá ti gbàgbé.

Kí ló wá dé tí mo fi ń sọ eléyìí níwájú gbogbo ilé? Lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbi fírídọ̀mù ọmọ àdúgbò wa kan tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n wọ gáùn fún un, ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún un, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò. Wọ́n fún un ní sàtífíkéètì. Irinṣẹ́ ńkọ́? Kò sí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wà báyìí. Mo bi í léèrè, ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ohun tí òun máa fi ṣe é ni kò sí. Òun ò sì lè máa lọ yá ayùn lọ́wọ́ ọ̀gá òun títí ayé. Ẹ wo àárín wa níbí, kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ ó sọ pé kó lọ ra tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú owó náírà sílẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló gbówó lórí, irinṣẹ́ tó dáa sì wà lára wọn. Èyí tí owó ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè ká, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ẹ fi fá pákó ìrókò fún ìdajì wákàtí, ó ti kú. Orí òòlù mìíràn á fò kúrò lọ́rùn igi, Ọlọ́run ló ń kó ènìyàn yọ.

Irinṣẹ́ àtijọ́ tí ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín kò rí bẹ́ẹ̀. Pílénì onírin tí àwọn bàbá wa lò, Stanley láti Amẹ́ríkà tàbí Record láti Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leonard Bailey ló ṣe irú pílénì yẹn ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Stanley sì ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1869. Títí di òní yìí, bí wọ́n ṣe tò ó kò yí padà púpọ̀. Nítorí náà, bí abẹ rẹ̀ bá ti jẹ tán, abẹ mìíràn tó bá fẹ̀ tó o á wọlé. Bí igi ìdìmú rẹ̀ bá ti jẹrà, káfíńtà kankan lè gbẹ́ òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí ó dà bí òkú yẹn, oorun ló ń sùn.

Èmi ò sì sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ká má máa sọ irin nù o. Ní 1904, C. V. Bellamy kọ̀wé nípa ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń yọ́ irin láti inú òkúta ní Ọ̀là Igbì, nítòsí Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá mọ wàhálà tó wà nínú kí òkúta di irin, kò ní fi irin ṣeré. Ọkọ́ tó bá jẹ tán, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń padà sí, á di ọ̀bẹ. Títí di báyìí, sípírìngì abẹ́ mọ́tò ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá, nítorí irin líle ni. Àwa tí a ń gbé láàárín Èkó ni a wá ń ta pílénì ní kílò.

Ó dáa. Níbo la ti ń rí wọn? Láti ìgbà tí mo ti ta ti bàbá àgbà ni mo ti ń wá ọ̀nà láti san gbèsè yẹn, mo sì ti rìn díẹ̀. Ọjà Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni baba gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni irin ń lọ. Ládípọ̀ ní Múṣin dáa fún sípánà àti fáìsì, nítorí ọjà mọ́tò ni.  Katangua tó wà nítòsí wa níbí, aṣọ òkìríkà ló pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fojú di àwọn tó tẹ́ ẹrù sílẹ̀ létí ọ̀nà. Ẹ tètè lọ, kí oòrùn tó mú. Ẹ má wọ aṣọ òde lọ o. Bí wọ́n bá ti rí bàtà yín, iye owó ti yí padà.

Bí ẹ bá rí pílénì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wo ẹnu ibi tí abẹ ń gbà yọ. Ibẹ̀ ló máa ń sán. Kí ẹ tún fi ọwọ́ kan gbé e sókè, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kàn án: èyí tó pé á dún gbọnrangandan, èyí tó ti sán á dún bí ìkòkò tó fọ́. Ìpẹtà òkè kì í ṣe nǹkan. Ìpẹtà tó ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sẹ́yìn abẹ, níbi ojú rẹ̀ gan-an, ìyẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo bí abẹ ṣe gùn tó kù. Ní ti ayùn, ẹ fi ojú kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń yìnbọn. Bí ó bá wọ́, ẹ dá a padà. Orí òòlù tí etí rẹ̀ ti yọ bí olú, ẹ ṣọ́ra, nítorí irin lè fò níbẹ̀ wọ ojú. Fáìsì ní tirẹ̀, ẹ yí i ṣí, ẹ yí i pa, kí ẹ wo eyín skúrù rẹ̀.

Ẹ wò ó, mi ò mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Pílénì àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹni tó tà á fún mi ti fi dúdú kùn ún, ó ń dán bí bàtà ọmọ ìyàwó. Ìgbà tí mo délé tí mo fọ ọ̀dà kúrò ni mo rí i pé wọ́n ti jó ojú sísán rẹ̀ pọ̀. ₦6,000 lọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, irinṣẹ́ tó bá ti dán jù, mo máa ń bi í léèrè ohun tó ń fi pamọ́.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò bí wọ́n ṣe tò ó kí ẹ tó tú u. Skúrù tó bá ti gan, ẹ má fi agbára fà á; ẹ da kẹrosínì sí i kó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà. Èyí tó bá lágídí, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ ra fínígà, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má bàa jẹ irin gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ sá a sóòrùn, ẹ fi òróró ẹ́ńjìnì pa á lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀rinrin Èkó yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpẹtà ti padà. Ní ti igi ìdìmú, linseed oil tí àwọn oníkùn ń tà ni ẹ lò. Epo pupa kì í gbẹ, kò sí ohun tó máa ṣe ju kó fa èèrà.

Pípọ́n ni iṣẹ́ wà. Mo fi sáńdípépà lé orí gíláàsì fèrèsé, mo ta omi sí i, mo fi ẹ̀yìn abẹ lọ̀ ọ́ títí ó fi dán. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọjú sí ojú rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì. Sùúrù mi tán, mo gbé abẹ náà lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọrin àwọn wẹ́dà, iná ń ṣẹ́ yaya, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo gbé e wò, ojú abẹ ti di búlúù. Bàbá káfíńtà kan ládùúgbò wa rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ooru ti kó agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ ni wàá máa fi rẹ́ báyìí." Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n fi òkúta àti omi pọ́n òmíràn níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀, wọ́n gé irun apá wọn fún mi wò. Mi ò tíì rí ohun tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì kankan ní yunifásítì.

Bàbá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rò sí. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí wọn. Kò sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ wọn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ ayùn tó mú yàtọ̀ sí èyí tó kú, kò sí nínú ìwé kankan tí mo lè lọ kà á.

Ó sì ti ṣeé ṣe níbòmíràn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1979 sí 1980, àwọn kan dá ẹgbẹ́ Tools for Self Reliance sílẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n gba irinṣẹ́ ọwọ́ tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ nù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, bíi Tanzania àti Ghana. Ẹ rò ó wò o: òyìnbó kó tirẹ̀ wá fún wa, àwa ń kó tiwa fún oníkóńdẹ́mù. Mi ò bínú sí ọmọ oníkóńdẹ́mù o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwa la ń pè é.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sọ fún mi pé kí ẹgbẹ́ kúkú dá owó jọ, ká ra tuntun fún àwọn ọmọ. Mo gbọ́. Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ ká ra ní tuntun: téèpù, ìwọ̀n omi tí kò bá tọ́ mọ́, àti ohunkóhun tó bá ń lo iná NEPA. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ tún wáyà ìgbà Gowon ṣe. Àmọ́ owó tí a máa fi ra pílénì tuntun kan tó dáa, a lè fi tún àpótí odidi kan ṣe, ọmọ tó bá sì bá wa tún un ṣe á mọ̀ ọ́n pọ́n títí láé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ fún wa ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, èyí tí àga tó ti ṣẹ́ kún inú rẹ̀. Àwa fúnra wa la máa gbá a. Ẹ jẹ́ kí àwọn bàbá oníṣẹ́ ọwọ́ wa, káfíńtà, bírikìlà, mẹkáníìkì, máa wá jókòó tì wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí ẹgbẹ́ sì máa fún wọn ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Kí ẹ mú àpótí yín wá. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ta wá lọ́rẹ, ẹ ṣeun. Bí ẹ bá kàn fẹ́ yá wa, a ó kọ orúkọ ẹni tó ni í sí i lára, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tó bá ṣe fírídọ̀mù tí kò ní irinṣẹ́ á yá a fún ọdún kan, pẹ̀lú onídùúró. Ọ̀rọ̀ onídùúró yẹn, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, àwa ọ̀dọ́ la mọ ara wa.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ni mo bẹ̀ jù. Mo mọ̀ pé nígbà tí ilé bá kún, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí wọ́n wá kó pàǹtí yìí kúrò. Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe èyíkéyìí nínú wa kó wá wò ó.

Àbúrò bàbá mi wà níjókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mi ò rí pílénì bàbá àgbà, mi ò sì rò pé mo lè rí i mọ́. Mo rí irú rẹ̀ kan ní Owódé Onírin. Ó gbà mí ní Sátidé mẹ́ta, mo sì ní káfíńtà àdúgbò wa gbẹ́ igi ìdìmú tuntun sí i. Ó wà nínú àpò yìí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn ìpàdé, ẹ bá mi dán an wò bóyá mo pọ́n ọn dáa.