GBÈSÈ ILÉ: BÍ A ṢE LÈ SAN ÁN TÁN KÍ ỌJỌ́ TÓ PÉ

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa, ní Victoria Garden City

  

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí mọ́gééjì, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Èmi tí mò ń ta àǹkárá ní Ikota, kí ni mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ báńkì?" Ó ní, "Mọ́mì, ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ wá sọ." Ohun tí ojú mi rí náà ni mo wá sọ.

Àwa tí à ń tajà ní Ikota, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì VGC yìí, a máa ń rò pé àwọn tó ń gbé inú géètì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́gééjì ni pé kí báńkì yá yín lówó ra ilé, kí ilé náà sì jẹ́ ìdúró fún owó náà. Bí ẹ ò bá rí i san, wọ́n lè gba ilé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ní irú gbèsè yìí ní Ajah, ní Badore, ní Sangotedo, wọ́n wà níbí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní ọdún 2007, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ilé kan ní Badore. Inú ẹgbẹ́ yìí ni apá kan owó tí a kọ́kọ́ san sílẹ̀ ti wá, mi ò lè gbàgbé. Báńkì yá wa ní ₦5,000,000 fún ọdún 15. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n ní ká máa san ₦87,815 lóṣooṣù.

Ọkọ mi ń san èyí nínú owó oṣù rẹ̀. Èmi náà ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo ń dá àjọ ₦400 lójúmọ́. Bí mo bá dá a fún ọjọ́ 26, alájọ á yọ ọjọ́ kan tirẹ̀, á kó ₦10,000 fún mi. Mo ń gbé e lọ sí báńkì lóṣooṣù. Inú mi ń dùn, mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé gbèsè ti ń lọ.

Lẹ́yìn oṣù 18, a ní kí wọ́n sọ iye tó kù fún wa. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́ o. A ti san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ àti díẹ̀ lórí iye tí wọ́n dá fún wa, láìka owó àjọ mi. Wọ́n ní ó ku ₦4,906,000 àti díẹ̀. Gbèsè náà ò dín tó ₦100,000! Ọkọ mi jókòó sórí àga, kò lè sọ̀rọ̀. Mo wá béèrè pé, "Owó àjọ tèmi ńkọ́?" Ọ̀dọ́mọbìnrin tó dá mi lóhùn ní ₦180,000 náà wà níbẹ̀, wọ́n kàn tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Kò kan gbèsè rárá. A ò kọ̀wé, a ò sọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n fi ṣe, wọ́n sì ṣe tiwọn.

KÍ LÓ FÀ Á?

Ẹ̀yin àgbà mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà olówó. Ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, èlé ni. Kò mú nǹkan kan kúrò nínú ojú owó. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí àwọn ẹbí bá kó ojú owó wá ni yóò tó bọ́.

Báyìí náà ni gbèsè ilé ṣe rí ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ìdá 20 lórí 5 mílíọ̀nù jẹ́ ₦1,000,000 lọ́dún. Ẹ pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ ₦83,333. Ìyẹn ni èlé oṣù kìíní. Nínú ₦87,815 tí a san, ₦4,482 péré ló kan ojú owó. Ìyókù, iṣẹ́ ìwọ̀fà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Bí mo bá fi ₦10,000 kún un, tí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ojú owó, ₦14,482 ló máa kan ojú owó lóṣù yẹn. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ! Bẹ́ẹ̀ ₦400 lójúmọ́ ni. Ojú owó tí ẹ bá sì ti gé lónìí, báńkì ò tún lè bu èlé lé e mọ́ títí láé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, èlé á kéré sí i, ohun tó ń kan ojú owó á pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọmọ mi fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ fún mi. Bí èlé bá dúró sójú kan, ẹni tó bá san bí ìwé ṣe wí fún ọdún 15, gbogbo owó tó máa san jẹ́ ₦15,800,000. Ẹni tó bá fi ₦10,000 kún un láti oṣù kìíní, nǹkan bí ọdún 9 àti oṣù 8 ni yóò fi san án tán, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ bíi ₦11,300,000. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ kù sápò, ọdún márùn-ún àti díẹ̀ kúrò lọ́rùn.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Èkíní, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan kún un, ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó mú ọmọ dání. Báńkì mìíràn máa ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá san gbèsè ṣáájú àkókò. Ẹ béèrè iye rẹ̀.

Èkejì, ẹ kọ̀wé sí báńkì. Ẹ kọ ọ́ pé: "Owó yìí, kí ẹ fi dín ojú owó kù. Kì í ṣe àsansílẹ̀." Ẹ tún kọ ọ́ pé ọdún ni ẹ fẹ́ kó dín, kì í ṣe owó oṣooṣù. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan fún yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa béèrè iye tó kù ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àwa, oṣù 18 la dúró. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá san án tán, ẹ má kàn jó lọ sílé. Ẹ gba ìwé ilé yín padà, ẹ gba ìwé ìdásílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Alausa pé báńkì ò ní nǹkan kan lórí ilé yẹn mọ́.

KÌ Í ṢE GBOGBO GBÈSÈ LÀ Ń SÁRÉ SAN

Mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá jẹ gbọ́mú-lé-láńtà lọ́jà, tí wọ́n ń wá gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Èlé rẹ̀ le ju ti ilé lọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan owó ọjà. Ẹni tó kó owó ọjà san gbèsè ilé, kí ló máa fi jẹun lọ́la?

Gbèsè tí èlé rẹ̀ fúyẹ́ náà wà. Òfin ọdún 1992 ló dá owó ìkówójọ fún ilé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NHF. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 2.5 nínú owó oṣù rẹ̀ síbẹ̀, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ara wa náà lè dá a. Federal Mortgage Bank ló ń bójú tó o, ìdá 6 ni èlé rẹ̀, ó sì lè tó ọdún 30. Ní òpin ọdún 2024, ọjà wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ ní ìdá tó lé ní 30 lórí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí nǹkan bá rí báyẹn, ẹni tó ń san ìdá 6, kó máa san án bó ṣe wà, kó fi owó rẹ̀ kó ọjà sílẹ̀. Gbèsè tí èlé rẹ̀ wúwo ni kí ẹ gbájú mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 yẹn náà, CBN gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5. Ẹ ro bí ti àwọn báńkì tó kù ṣe máa rí.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà ní London pẹ̀lú. Èlé tí báńkì ìjọba wọn dá kò ju ìdá 0.1 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2021. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti di 5.25. Ọ̀pọ̀ àdéhùn tó ní èlé ojú kan níbẹ̀ gbà kí èèyàn fi ìdá 10 gbèsè kún ìsanwó rẹ̀ lọ́dún láìsí ìtanràn. Kí wọ́n ka ìwé tiwọn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ TIWA ṢE PARÍ

A kọ̀wé. Wọ́n gbé ₦180,000 náà lé ojú owó. Èlé gun díẹ̀, ó sọ̀ díẹ̀, a ò dáwọ́ àjọ dúró. Ní ọdún 2016 a san án tán. Ìwé wọn ní ọdún 2022 ni.

Ní ọdún 2018, bàbá àwọn ọmọ mi papò dà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ìlú nítorí àrùn kòrónà, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Mo jókòó sínú ilé yẹn, mi ò ní ọkọ, mi ò rí ọjà tà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn pé owó oṣù dà. Mo sunkún lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ẹkún ìyà. Ọkọ mi ni mo rántí, àti ₦400 ojoojúmọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ìyá mi, ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Ẹ lọ béèrè iye tó kù lọ́rùn yín lọ́sẹ̀ yìí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣe ìwọ̀fà títí ọjọ́ alẹ́. A ò ní kọ́lé fún ẹlòmíràn gbé. Ẹgbẹ́ wa ò ní tú.