Ẹ Má Ti Ọkọ̀ Náà Mọ́lé

Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí lónìí sọ̀rọ̀ nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Michigan, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Ford Model T ni, tí wọ́n ṣe ní 1915. Kò ní òrùlé irin, kò sì ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tápólì la máa ń nà bò ó bí òjò bá ṣú. Èmi ni mo ni ín, èmi ni mo ń tún un ṣe, èmi náà ni mo sì ń wà á.

Ohun tí ọkọ̀ yìí kọ́ mi ni pé ìlò ni ìtọ́jú. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà máa ń gbó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tì mọ́lé ló ń kú, ikú rẹ̀ sì yá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Epo bẹntiróòlù tó kù nínú kábúrétọ̀ á gbẹ, á di gọ́ọ̀mù, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá á sì dí. Táyà tó dúró lójú kan á tẹ́, rọ́bà rẹ̀ á sán. Igi líle tí wọ́n ń pè ní hickory ni wọ́n fi ṣe àwọn ọ̀pá inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Bí igi bá gbẹ jù, á súnkì, á sì máa mì nínú ihò rẹ̀. Ọ̀rinrin á wọ inú ẹ́ńjìnnì, gbogbo ibi tí ọ́ìlì bá sì ti ṣàn kúrò, ìpẹtà á débẹ̀. Eku á tẹ́ ìtẹ́ sínú síítì. Mo ti rí Model T tí olówó kan gbé sábẹ́ iná ńlá nínú ilé gíláàsì, tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin, tí idẹ rédíétọ̀ rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan pa. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀. Lójú tèmi, òkú ni wọ́n ń yà.

Kì í ṣe torí ilé gíláàsì ni Henry Ford ṣe ṣe ọkọ̀ náà. Láti oṣù kẹwàá 1908 títí di oṣù karùn-ún 1927 ni wọ́n fi ṣe é, ó sì lé ní mílíọ̀nù 15. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, 850 dọ́là ni irú tèmi yìí. Nígbà tó fi máa di 1916, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 360 dọ́là. Ohun tó fà á ni pé ní 1913, ní ilé iṣẹ́ wọn ní Highland Park, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣásí kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn lọ bá a. Títo ṣásí kan tó ń gba wákàtí méjìlá àbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń parí ní ìṣẹ́jú 93. Àwọn àgbẹ̀ pọ̀ gan-an nínú àwọn tó ń rà á, oko wọn sì jìnnà sí ọ̀nà. Níbi tí kò ti sí mẹkáníìkì nítòsí, onímọ́tò fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lè tú u, kó sì tún un tò. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibì kankan lára rẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn kò lè dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń jí i. Tèmi kò ní bátìrì, kò ní sítátà. Ẹ ó kọ́kọ́ fa bíréèkì ọwọ́ sẹ́yìn pátápátá, torí òun ló ń di ọkọ̀ mú, òun náà ló sì ń tú jíà. Apá irin kékeré méjì wà lábẹ́ sítíárìn. Ti ọwọ́ òsì ló ń sọ ìgbà tí sípáàkì máa tàn, ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún un lépo. Ẹ ti ti òsì sókè pátápátá kí sípáàkì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn, kí ẹ sì fa ti ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀. Ó di iwájú ọkọ̀. Wáyà ṣóòkù kan yọ síta lábẹ́ rédíétọ̀. Ẹ fà á, kí ẹ sì fi irin ìyí yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì láìtíì ṣí kọ́kọ́rọ́, kó lè fa epo mu. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó lọ ṣí kọ́kọ́rọ́ lára àpótí kọ́ìlì. Bí ẹ bá padà dé iwájú, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú irin náà. Ẹ kó àtàǹpàkò pọ̀ mọ́ ìka yòókù, ẹ má jẹ́ kó ká irin mọ́. Ẹ wá fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó yá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin á kàn já bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò há a, tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè ṣẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló sì ṣẹlẹ̀ sí láyé ìgbà náà. Bó bá ti dún báyìí, ẹ yára lọ fa apá òsì wálẹ̀ kí sípáàkì lè tètè máa tàn. Ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín.

Ẹni tó ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè dédé wọ inú rẹ̀ kó máa lọ. Pẹ́dà mẹ́ta ló wà nílẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹ ó fi tẹná níbẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń tẹná. Bí ẹ bá tẹ ti òsì mọ́lẹ̀, jíà kìn-ín-ní nìyẹn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó ti bọ́ sí jíà kejì, kò sì sí ẹ̀kẹta. Ti àárín ni rìfáàsì. Ti ọ̀tún ni bíréèkì. Bẹ́líìtì irin tí aṣọ òwú wà nínú rẹ̀ ló ń há ìlù irin mọ́ nínú jíà kí ọkọ̀ tó lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń fi ìdajì ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, aṣọ yẹn ló ń jó. Abẹ́ síítì iwájú ni táǹkì epo wà, epo fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣàn lọ bá kábúrétọ̀. Bí epo bá kù díẹ̀, tí òkè sì ga, kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn awakọ̀ ìgbà náà máa ń yí i padà, wọ́n á fi rìfáàsì gun òkè náà. Kò sí géèjì epo. Ẹ ó gbé síítì kúrò, ẹ ó ki igi rúlà bọ inú táǹkì, ẹ ó sì wo ibi tó tutù dé.

Ọ́ìlì náà kò ní ọ̀pá ìwọ̀n. Abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ ó wọ̀, táàpù kékeré méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan wà lókè èkejì. Bí ti òkè bá ń kán, ó kún. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ nìkan, ó ń lọ sílẹ̀ nìyẹn. Bí ti ìsàlẹ̀ pàápàá bá gbẹ, ẹ má ṣe jí i rárá. Kò sí pọ́ǹpù tó ń fa ọ́ìlì. Fuláíwíìlì ló ń gbọ́n ọn ká inú ẹ́ńjìnnì. Òòfà 16 wà lára fuláíwíìlì yẹn kan náà, àwọn ló ń pèsè iná fún pílọ́ọ̀gì. Iná iwájú náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá, ìdí nìyẹn tó fi ń ràn bí ẹ bá ń sáré, tó sì ń rẹ̀wẹ̀sì bí ẹ bá rọra.

Ibì kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Ẹni tó bá ra Model T tí kò mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, inú ákísù ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ tú, kó tó ronú kan ọ̀dà. Waṣá irin funfun rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní babbitt. Bó bá gbó, á fọ́ wẹ́wẹ́. Bíréèkì ẹsẹ̀ kì í di táyà mú rárá, inú jíà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí waṣá yẹn bá sì fọ́ tí eyín jíà ẹ̀yìn ya ara wọn, ẹ tẹ bíréèkì títí, asán ni. Waṣá idẹ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Mo tún gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi bíréèkì kún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountain. Mo kórìíra kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ kí wọ́n fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n ti bíréèkì kì í ṣe ìbàjẹ́. Ọkọ̀ náà lè sá tó 40 máìlì ní wákàtí kan. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 30. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí mo bá ti rí iná pupa lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti ń dín eré kù.

Bàbá òyìnbó kan ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ọkọ̀ yìí. Kọ́ìlì mẹ́rin ló wà nínú àpótí kọ́ìlì, ọ̀kan fún pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ahọ́n irin kékeré sì wà lórí wọn tó ń kùn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń mísì, bàbá yìí á fi ìka tẹ ahọ́n wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ á wà ní dídì. Èyí tó bá tẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rọ sí i, iṣẹ́ ló ń ṣe. Èyí tó bá tẹ̀ tí ohùn kò yí padà, àìsàn wà níbẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ní ẹ̀rọ tó ń ka àléébù inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ẹ lò ó dáadáa, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ tún máa tẹ́tí. Ẹ̀rọ yẹn á sọ pé sílíńdà kejì ń mísì. Kò ní sọ bóyá pílọ́ọ̀gì ni, wáyà ni, tàbí fáàfù.

Ìgbádùn wíwa ọkọ̀ yìí wá ńkọ́? Ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ òsì, àwòrán ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n tẹ̀ sára páánù, kò ṣeé ṣí. Ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń gbà wọlé. Ẹ ó jókòó sókè gan-an, ẹ ó máa rí orí ọgbà àgbàdo kọjá. Bí wọ́n bá ń gé koríko, òórùn rẹ̀ á dé imú yín. Bí ẹ bá wọ abẹ́ igi, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ti tutù. Àgbàlagbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní irú rẹ̀ ni bàbá bàbá òun fi ń kó wàrà lọ sọ́jà. Táyà bá fọ́ lọ́nà, ojú ibẹ̀ la ti ń lẹ̀ ẹ́, torí ẹsẹ̀ ọkọ̀ irú ọdún yẹn kò ṣeé tú fi òmíràn rọ́pò. Àwọn èèyàn á dúró bá yín mú pọ́ǹpù. Mi ò mọ ọkọ̀ olówó gọbọi kan tó ń mú kí àlejò bá èèyàn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, àwọn kan nínú yín máa lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn kan á dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, òmíràn á sì rí iṣẹ́ tí kò jọ èyí rárá. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sínú férémù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ kò bá tíì rówó gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ tún jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ṣe. Ẹ bá ọ̀gá kan jókòó, kódà bí owó tó ń san kò bá pọ̀.

Ọ̀gá àgbà, ẹ́ńjìnnì Model T kan wà nínú àpótí pákó lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ti ilé ẹ̀kọ́ ni láti òní lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kùn ún ní ọ̀dà, ẹ má sì gbé e sínú ọ́fíìsì yín. Ẹ gbé e sórí férémù irin nínú ṣọ́ọ̀bù. Kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rédíétọ̀ àti irin ìyí wà nínú àpótí náà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ tú u, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn jí i.