Ráàmù Mẹ́rin àti Mẹ́jọ Lè Jọ Gbélé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ráàmù ni mo bá wá.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Ráàmù ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀nà bit 64 ló so ó mọ́ prósẹ́sọ̀. Láptọ́ọ̀pù ọ̀nà méjì ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ìjà wa àtijọ́ ni kí n bọ́ sí. Àwọn kan ṣì ń wí títí dòní pé 4GB àti 8GB kò gbọdọ̀ jọ wọ inú ẹ̀rọ kan. Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Lórí chipset 865 tí Intel gbé jáde ní 2003, bí ráàmù méjì ò bá dọ́gba, bí ọlọ́nà kan ni ẹ̀rọ ń ṣe. Òótọ́ ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún! Intel fúnra wọn ti ṣe ọgbọ́n tí wọ́n pè ní Flex Memory sí i.

Ẹ mú HP EliteBook 840 G3, tòkunbọ̀ tó kún ìgboro. Ihò méjì ló ní, DDR4 2133 ló ń lò. Ọ̀nà kan ń gbé nǹkan bíi 17GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà méjì, 34GB. Ẹ ki 4GB bọ ihò kan, 8GB bọ èkejì. Ẹ̀rọ á mú 4GB nínú 8GB yẹn, á fi ṣe ẹnìkejì 4GB àkọ́kọ́: 8GB lápapọ̀ ń gba ọ̀nà méjì. 4GB tó ṣẹ́kù á máa gba ọ̀nà kan. 12GB gbáko. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Ìka ò dọ́gba, a sì fi ń jẹun.

Ẹni tó fi 8GB kan ṣoṣo sínú, tí ihò kejì ṣófo, òun gan-an ló ń pàdánù. Èyí tó ń gbé àwòrán sójú nínú ọ̀pọ̀ 840 yẹn kò ní ráàmù tirẹ̀, ti ẹ̀rọ ló ń yá lò. Ẹni tó ń gé fídíò ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Láyé ìgbà tí à ń lọ sí Òtìgbà, ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, àwọn ọ̀gá wa kì í dárúkọ owó láìtíì tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára ráàmù. Lónìí, ẹlòmíràn nínú yín á ní, “Mọ́mì, ẹ ra méjì tuntun,” láìfọwọ́ kan ìdè kankan. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti sọ ọ́ rí pé Kátángówà, ní àdúgbò wa níhìn-ín, ni àwọn fẹ́ kó ọjà Ìkẹjà yẹn wá. Bó bá dé, oníbàárà ọjà náà á béèrè ìdí tí ẹ fi ní kó ra tuntun o.

Alága ti ń wo aago. Ní ti eré: ráàmù tó lọ́ra jù ni èkejì á dúró dè. Ní ti irú: DDR3 ò lè wọ ihò DDR4, ẹ má fi agbára kì í.

Ní ti àyẹ̀wò: ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ Memory. Bó bá kọ ọ́ pé ihò kan nínú méjì ló níṣẹ́, ẹ wá nǹkan fi sí èkejì kí ẹ tó ní kí oníbàárà lọ ra láptọ́ọ̀pù mìíràn.