Omi Tí A Ń Lò àti Omi Tí A Ń Dà Nù: Ojúṣe Jàmáà sí Mọ́sálásí àti Ìlú



Ọpẹ́ àti ìyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń rọ òjò sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ewéko fi ń hù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

 

A mọ̀ pé owó ilé Ọlọ́hun ni ó pe wá jọ, a kò sì ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n kí a tó máa ka búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí a jọ ronú lórí ohun tí mọ́sálásí kò lè ṣe aláìní, èyíinì ni omi. Lóòótọ́, ẹni tí kò rí omi lè fi erùpẹ̀ ṣe tayámámù. Ìdẹ̀ra ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí ó wá omi tì. Ẹnikẹ́ni kì í fi í ṣe ètò ìkọ́lé.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí lọ sí Mẹ̀dínà, omi dídùn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Kànga kan wà tí a ń pè ní Rūmah, títà ni olówó rẹ̀ ń ta omi inú rẹ̀. Uthman ọmọ Affan ra kànga náà, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ará ìlú. Sàráà tí kì í tán ni. Ànábì fúnra rẹ̀ kì í fi omi ṣòfò. Múdù kan ni ó fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ má rò pé múdù tí a fi ń wọn gàrí ní ọjà Akẹ́sán ni o! Múdù àwọn ará Mẹ̀dínà kò tó líítà kan.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níbí, ẹ kò ní gbàgbé sòbìyà. Àwọn ọmọ wa òde òní kò mọ̀ ọ́n, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó lè gùn tó mítà kan, ẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń gbà yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá mú kò lè dé oko, ọmọ kò lè dé ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nígbà náà pé a bí i mọ́ ènìyàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yọ lẹ́sẹ̀ a wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ láti pọnmi, aràn náà a sì tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi tíńtín a gbé àwọn ọmọ aràn náà mì. Ẹlòmíràn a bu omi yẹn mu, nígbà tí ó bá sì tó nǹkan bí ọdún kan, sòbìyà a yọ lára òun náà.

Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní in káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àrùn yìí kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tí ń wò ó. Kí ni ó wá lé e lọ? Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu ni, àti oògùn tí a dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀, àti kànga tí ó mọ́, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí ó yọ lẹ́sẹ̀ má wọ inú omi tí a ń mu. Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, àwọn onímọ̀ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá ará ìlú ṣe iṣẹ́ yìí. Jimmy Carter tí ó ti ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon tì í lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu; ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán. Ará abúlé tí ó mọ ibi tí omi rẹ̀ ti ń bàjẹ́ ni ó ṣẹ́gun ohun tí oògùn kò lè ṣẹ́gun.

Ṣé a ti wá bọ́ lọ́wọ́ ìyà omi? Rárá. Ọ̀yọ́ ní omi Erélù, Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìsédò Ọbà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú náà ti fẹ̀ kọjá ohun tí a fojú sùn nígbà tí a ṣe wọ́n, páìpù kò sì dé ọ̀pọ̀ abúlé. Kànga ni a gbójú lé. Ilẹ̀ wa sì jẹ́ ilẹ̀ olókùúta: inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta, àti ibi tí àpáta ti sán, ni omi wà. Ìdí nìyí tí kànga tí ó kún ní oṣù kẹsàn-án fi ń gbẹ ní oṣù kejì; ìdí nìyí tí ẹnìkan fi ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tí ó kan omi, tí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ tí owó sì wọlẹ̀ lásán. Kí onímọ̀ ilẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí a tó gbẹ́ ẹ.

Láti ìgbà DFRRI ní ọdún 1986, ìjọba, àwọn àjọ òkèèrè àti àwọn aláàánú ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ lọ́pọ̀lọpọ̀ fún àwọn abúlé. Ṣùgbọ́n bí awọ kékeré inú ẹ̀rọ bá jẹ, ẹ̀rọ a dákẹ́, koríko a hù bò ó, àwọn ìyá wa a sì tún gbé garawa padà sí odò. Kò sí ẹni tí a fi í lé lọ́wọ́, kò sì sí àpò owó fún àtúnṣe. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹnìkan kì í kà á sí tirẹ̀.

Apá kejì ni a kì í fẹ́ sọ: omi tí a lò tán, níbo ni ó ń lọ? Bí 100 ènìyàn bá ṣe àlùwàlá ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo líítà 3, líítà 300 ni. Bí kò bá ní ọ̀nà, yóò di ẹrọ̀fọ̀ lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, ẹ̀fọn yóò sì fi í ṣe ilé. Ṣáláńgá tí a gbẹ́ sí òkè kànga, ohun inú rẹ̀ ni a ń rọra mu. Omi tí a fún jáde lára ẹ̀gẹ́ níbi tí a ti ń ṣe gàrí ní májèlé nínú. Bí ó bá ṣàn wọ odò, ẹja a kú. Ànábì kọ̀ fún wa kí a tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn, ó sì kọ̀ kí a yàgbẹ́ sí ibi omi, ojú ọ̀nà àti abẹ́ ibòji. Ní ọdún 2021 nìkan, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fi ń bẹ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé.

Èkíní, kí kànga àti táǹkì ṣáájú ilé gogoro, kí ẹnu ẹ̀rọ kan sì wà lẹ́yìn ògiri fún gbogbo aládùúgbò, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Èkejì, kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí omi àlùwàlá lọ sínú kòtò olókùúta tirẹ̀, tàbí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a gba omi òjò. Bí òrùlé bá fẹ̀ tó mítà 20 sí 10, òjò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 lè fún wa ní líítà 10,000. Kí a jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé ná.

Ẹ̀kẹrin, kí a yan ìgbìmọ̀ omi, kí obìnrin wà níbẹ̀ nítorí àwọn ni wọ́n ń pọnmi. Kí a kọ́ ọ̀dọ́ méjì ní àtúnṣe ẹ̀rọ, kí a máa fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó Jímọ̀, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí jàmáà lóṣooṣù.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé gogoro ni olówó ń rí tí ó fi ń náwó. Òótọ́ ni, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n Uthman kò kọ́ ilé gogoro lé kànga Rūmah, a sì ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù, kí ó rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi tirẹ̀ sí omi, kí ó mọ̀ pé gbogbo ẹni tí ó bá mu níbẹ̀ ni yóò máa bù kún làádá rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí Ọlọ́hun gba ìnáwó wa ní ìjọsìn, kí Ó fi omi mímọ́ jíǹkí ìlú wa, kí Ó má jẹ́ kí á fọwọ́ ara wa da àrùn sínú ohun tí a ń mu. Àmín.