Owó epo ni sólà ń gbà lọ́wọ́ wa, owó NEPA kọ́

Ẹni tó ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó ń ka èyí lórí fóònù níbi iṣẹ́, tí ọ̀gá ò sì gbọdọ̀ mọ̀, ẹ rọra o. Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé dé lónìí, torí ìbéèrè kan náà ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lemọ́lemọ́: "Ṣé kí n ra sólà, àbí kí n máa ra tókìn mi lọ?" Bí ẹ ṣe ń béèrè rẹ̀, ó dà bíi pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí owó yín ń gbà jáde báyìí ló máa sọ ìdáhùn yín. Ẹ ṣí kalikulétọ̀ orí fóònù yín, ká jọ ṣírò ọ̀hún.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bíi ₦68, kó di ₦225. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo sọ. Ní oṣù Karùn-ún wọ́n gé e kù sí ₦206.80, nígbà tó di oṣù Keje ó tún gòkè sí ₦209.50. Iye tó gbẹ̀yìn yìí ni n ó fi ṣe ìṣirò lónìí. Bí ti orí rìsíìtì tókìn yín bá yàtọ̀ sí i, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn, sọ pé torí iná tí kò wọ́n la ṣe ń fi fírísà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ rántí bí gbogbo ayélujára ṣe dìde sí i. Èmi ò tiẹ̀ bá a jà lórí fírísà. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, ẹni tó ń rí iná wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, fírísà wo ló fẹ́ fi sílẹ̀?

Ohun tí Band sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, Band B mẹ́rìndínlógún, C méjìlá, D mẹ́jọ, E mẹ́rin. Nǹkan kan tún wà nínú àṣẹ NERC ti 2024 yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ò bá fún Band A ní wákàtí tó ṣèlérí fún ọjọ́ méjì léra, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fáyé gbọ́. Tó bá di ọjọ́ méje léra, ó gbọ́dọ̀ já wáyà àdúgbò yẹn sílẹ̀ sí Band tó bá iná tó ń fún wọn mu, kí owó náà sì wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin Band A, ẹ máa kọ ọ́ sínú fóònù yín nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ àti nígbà tí wọ́n bá mú un dé. Àádọ́ta èèyàn tó mú àkọsílẹ̀ ọjọ́ méje lọ síbẹ̀ máa ń rí ìdáhùn tó yàtọ̀ sí ti ẹnì kan tó lọ jà.

Ó yá, ìṣirò dé. Ká mú ilé yàrá kan àti pálọ̀. Fíríìjì kékeré máa ń jẹ tó yúníìtì kan lé díẹ̀ lójúmọ́, ká pè é ní 1.2. Fáànù kan tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá jẹ nǹkan bíi 0.6. Tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí márùn-ún, 0.4. Gílóòbù márùn-ún láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun, kò tó 0.3. Láptọ́ọ̀pù, fóònù àti Wi-Fi lápapọ̀, 0.5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ yúníìtì mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ka AC mọ́ ọn, mi ò ka áyọ́ọ̀nù, mi ò sì ka kẹ́tù tí a fi ń se omi.

Yúníìtì mẹ́ta ní ₦209.50 jẹ́ ₦628.50 lójúmọ́. Ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ fi owó orí VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó lé díẹ̀ ní ₦20,200 lóṣù.

Sólà tó lè gbé ilé yìí ńkọ́? Páńẹ́ẹ̀lì méjì oní 550 wáàtì, inverter kan, àti bátìrì lithium. Ká sọ pé ₦1,500,000 ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́. Àpẹẹrẹ lásán ni o, torí bí dọ́là ṣe ń jó ni iye ọjà yìí ń jó. Ẹ fi ₦20,200 pín ₦1,500,000. Ó ju ọdún mẹ́fà lọ kí owó yín tó padà, bó bá jẹ́ pé owó NEPA nìkan ni sólà yẹn ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta sólà lórí Instagram kì í fẹ́ ká dúró sí. Wọ́n á ní, "Ẹ dágbére fún NEPA," wọn ò sì ní sọ pé ọdún mẹ́fà ni ìdágbére náà fún ẹni tó ń rí iná dáadáa.

Ẹ wá jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinúbú sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan ò tó ₦200 nílé epo ní Èkó. Ká sọ pé ₦900 ni ẹ ń rà á báyìí. Jẹnẹrétọ̀ ilé tó mọ níwọ̀n máa ń mu bíi lítà kan ní wákàtí kan. Ẹni tó ń tàn án láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́ ti jó ₦3,600. Lóṣù, ₦108,000. A ò tíì dárúkọ ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti mẹkáníìkì tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà.

Ẹ fi ₦108,000 pín ₦1,500,000 yẹn kan náà. Oṣù mẹ́rìnlá!

Sólà kan náà, owó kan náà, ọdún mẹ́fà fún ẹnì kan, oṣù mẹ́rìnlá fún ẹlòmíì. Ìdí rẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ kì í mọ̀ pé gílóòbù méjì àti fáànù kan lẹ tàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa yí, á sì máa mu epo. Lóru, nígbà tí ilé ò lò ju 300 wáàtì lọ, yúníìtì kan látinú jẹnẹrétọ̀ lè wọ́n ju ẹgbẹ̀rún náírà kan lọ. Ẹni tó ń ráhùn pé ₦209.50 pọ̀jù, tó sì ń da epo sínú jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́, owó tó ń pa á gan-an kọ́ ló ń bá jà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Band A pé kí wọ́n fi páńẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá ń rí iná ogún wákàtí lóòótọ́, inverter àti bátìrì nìkan ti tó yín. NEPA fúnra rẹ̀ á gba iná sí bátìrì náà, bátìrì á gbé yín la wákàtí mẹ́rin yòókù kọjá, ẹ ò sì ní ra epo mọ́. Owó tó máa jáde lápò yín á kéré gan-an sí ti odidi sólà. Àwọn tó wà ní Band D àti E ni páńẹ́ẹ̀lì pọn dandan fún, torí NEPA tiwọn ò ní dúró pẹ́ débi tí bátìrì á fi kún.

Ọ̀rọ̀ tó wá ká àwa ọ̀dọ́ lára jù ni ti ilé tí a ń gbé. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wa. Ta ló fẹ́ da owó ńlá sórí òrùlé onílé? Mo ti rí èyí tí lándílọ́ọ̀dù fi owó ilé kún owó ilé ní kété tí páńẹ́ẹ̀lì gòkè, pé ayálégbé náà ti di olówó. Mo sì ti rí èyí tó ní ohun tó bá ti kan òrùlé òun ti di tòun. Ẹ má ṣe gun òrùlé kí ẹ tó bá onílé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni í, pé ẹ máa tú u tí ẹ bá ń kó lọ, àti pé ẹ máa dí ihò tí ẹ bá dá sílẹ̀. Bí bàbá tàbí màmá onílé bá kọ̀, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀. Inverter àti bátìrì tó dúró sínú yàrá ò kan òrùlé ẹnikẹ́ni, ẹ sì lè kó o sínú ọkọ̀ bíi fíríìjì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Ní ti bátìrì, bátìrì olómi ò wọ́n, àmọ́ kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì iná inú rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú. Lithium ń jẹ́ kí ẹ lo èyí tó pọ̀ jù nínú tiẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Èmi á kúkú ra lithium kékeré ju kí n ra bátìrì olómi ràgàjì.

Páńẹ́ẹ̀lì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n lẹ 550 mọ́ ẹ̀yìn wọn, tí agbára inú wọn ò sì tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí oníná yín gbé e síta sínú oòrùn, kó fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì fi wé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì náà. Ọlọ́jà tó bá bínú sí èyí, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì ṣe retí kí sólà ṣe ohun kan náà láti oṣù Kíní dé oṣù Kejìlá. Láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, ìkùukùu ò ní jẹ́ kí oòrùn jáde bó ṣe yẹ lọ́dọ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo páńẹ́ẹ̀lì, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ní ọ̀sán gangan tí bátìrì bá ti kún, iná tó ń bọ̀ látòkè ń ṣòfò ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ iná ńlá máa sanwó fún onílé tó bá fi iná sólà rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sórí wáyà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán yẹn ni kí ẹ fọ aṣọ, kí ẹ pọ omi, kí ẹ gba iná sí gbogbo ohun tó ní bátìrì. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù ni kí ẹ fi sílẹ̀ de NEPA. Kẹ́tù oní 2,000 wáàtì lè mú kí inverter kékeré kú fin-ín lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí kò la owó lọ. Ẹ kọ iye lítà epo tí ẹ rà sílẹ̀, ẹ kọ iye tókìn tí ẹ rà sílẹ̀, ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ rí iná. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ àdúgbò yín àti Band yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó mú mẹ́ta nínú wọn, a ó sì jọ ṣírò wọn ní gbangba, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tó ń gbé ilé tí mítà kan ṣoṣo wà fún yàrá mẹ́jọ, ẹ kọ̀wé wá pẹ̀lú. Tiyín le jù, mo sì ti wá oníná kan tó máa bá wa dá sí i.